Bí ẹ bá pàdé sàlámáńdà ńlá nílùú Kyoto: ohun tí ẹ ó ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé

Ilẹ̀ ti ń ṣú létí odò Kamo ní Kyoto, òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nǹkan dúdú kan sì nà gbalaja sójú ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà. Ó gùn tó apá àgbàlagbà. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí ẹja àrọ̀, ojú rẹ̀ kò ju ìlẹ̀kẹ̀ kékeré lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin kúkúrú ló gbé e dúró, awọ ìhà rẹ̀ sì ká jọ bí aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Kì í ṣe ọ̀nì, kì í ṣe awọ́nríwọ́n. Ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ ni ìbátan rẹ̀. Osanshouuo ni àwọn ará Jàpáánì ń pè é. Sàlámáńdà ńlá ni a ó máa pè é níbí. Kò sí sàlámáńdà kankan nílẹ̀ Yorùbá, kò tilẹ̀ sí ní gbogbo Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aginjù Sàhárà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kyoto fi lè rò pé ọmọ ọ̀nì ló já sí ìgboro.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò pọ̀. Ẹ dúró jìnnà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àwọn tó ni iṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ títí wọn ó fi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ni àánú máa ń ṣe, wọ́n á ní ẹran omi ni, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sómi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gbé e padà sómi

Òfin méjì ló wà lórí ẹran yìí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kọjú sí.

Èkíní: ojúlówó sàlámáńdà ńlá ti Jàpáánì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Andrias japonicus, wà lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 1951 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin. Nígbà tó di 1952, wọ́n gbé e sí ipò tó ga jù lọ tí ẹ̀dá abẹ̀mí lè wà nínú òfin ọ̀hún. Láti mú un, láti gbé e kúrò níbi tó wà, tàbí láti pa á lára, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè lọ sẹ́wọ̀n.

Èkejì: lọ́dún 1972, àwọn oníṣòwò kó irú ti Ṣáínà wọ Jàpáánì láàyè, kí àwọn èèyàn lè máa jẹ ẹ́. Àwọn kan bọ́ sínú odò. Wọ́n bá ti Jàpáánì gùn, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà kò sì yàgàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àwọn tó wà nínú odò Kamo wò, àmúlùmálà ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nítorí èyí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba Jàpáánì ti ka ti Ṣáínà àti àmúlùmálà mọ́ ẹ̀dá àjèjì tó ń ba àyíká jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sìn wọ́n, kò gbọdọ̀ gbé wọn láàyè láti ibì kan sí ibòmíràn, kò sì gbọdọ̀ tú wọn sílẹ̀ sínú odò. Ìyà rẹ̀ fún èèyàn kan lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 yẹ́ẹ̀nì.

Ẹ wá wò ó. Bí èyí tó wà níwájú yín bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ gbé e. Bó bá jẹ́ àmúlùmálà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ jù sódò. Kò sí èyí tí ẹ lè gbé tí ọwọ́ yín yóò mọ́.

Ti òfin nìkan kọ́. Odò Kamo kún fún ògiri kọnkéré tí wọ́n mọ lágbede méjì omi láti dín agbára rẹ̀ kù, ẹran tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà lè gun òkè. Bí ẹ bá fi àánú gbé àmúlùmálà kan kọjá ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ ti bá a sọdá ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọdá. Ẹ rántí pé abo kan lè yé ẹyin 400 sí 600 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀mí wọn sì gùn: èyí tí dókítà Philipp Franz von Siebold gbé láti Jàpáánì wá sí ilẹ̀ Netherlands lo ohun tó ju 50 ọdún níbẹ̀ kó tó kú ní Amsterdam lọ́dún 1881. Àṣìṣe ìrọ̀lẹ́ kan lè máa bímọ fún odindi ìran èèyàn kan.

Ṣé ojú lè dá wọn mọ̀?

Díẹ̀. Ojúlówó ti Jàpáánì sábà máa ń ní awọ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú, pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú tí kò tò, orí rẹ̀ sì kún fún kókó ṣákáṣàka. Ti Ṣáínà, orí rẹ̀ tẹ́ jù, kókó orí rẹ̀ kéré, wọ́n sì máa ń wà ní méjì-méjì. Àmúlùmálà wà láàárín, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa yàtọ̀ síra ketekete, pípọ́n lára dúdú. Ṣùgbọ́n àmúlùmálà ìran kejì tàbí ìkẹta lè jọ ìyá ìyá rẹ̀ débi pé àwọn tó ti ń bá ẹran yìí ṣiṣẹ́ tipẹ́ kò ní lè fi ojú lásán sọ irú èyí tó jẹ́. Àyẹ̀wò DNA nìkan ló ń parí àríyànjiyàn. Nítorí náà, kí ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pé “irú wo nìyí?” Ìyẹn kò yí ohun tí ẹ ó ṣe padà.

Bí gígùn rẹ̀ ṣe tó kò sọ nǹkan kan. Ti Jàpáánì tó ti dàgbà sábà máa ń wà ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sókè, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó mítà 1 àbọ̀.

Ìgbà àti ibi tí ẹ ti lè bá a pàdé

Inú omi ni gbogbo ayé ẹran yìí. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ló fi ń mí jù lọ, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn omi tútù tó ń ṣàn, àti ìdí tí ìkákò fi pọ̀ lára rẹ̀: bí awọ bá ṣe pọ̀ tó ni atẹ́gùn tó ń fà láti inú omi ṣe ń pọ̀ tó. Bó bá ti gun ilẹ̀, nǹkan kan ló lé e síbẹ̀.

Ohun tó ń lé e jù ni ìkún omi. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni. Lẹ́yìn náà ni ìjì líle tó ń ti orí òkun wá máa ń jà títí di oṣù Kẹwàá. Omi á gbá ẹran yìí láti òkè wá sí ìgboro, òun náà á wá ibi tí omi kò ti le, ibẹ̀ sì lè jẹ́ gọ́tà, oko ìrẹsì, tàbí àtẹ̀gùn kọnkéré etí odò. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ọ̀kan jáde bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà létí odò Kamo, àwòrán rẹ̀ sì rin gbogbo ayé.

Ìgbà kejì ni oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn àgbà wọn ń wá ibi tí wọn ó yé sí. Wọ́n á máa wọ́ lọ sí òkè odò, ògiri kọnkéré á dá wọn dúró, wọ́n á sì kóra jọ sí ìdí rẹ̀. Lóru ni, nítorí pé ẹran òru ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn láìwá wàhálà, ìdí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ láti orí afárá.

Nígbà tó bá wà níwájú yín

Ẹ dúró ní mítà 2 sí i, ó kéré tán. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì máa ń fà nílẹ̀, èyí ló ń tan èèyàn jẹ. Bó bá fẹ́ gbé nǹkan jẹ, ẹnu rẹ̀ a là fìrí, kò sí ojú tó lè tẹ̀ lé e. Ó tún lè la apá kan ẹnu ṣoṣo, kó gbé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìyí orí. Nítorí náà, ẹni tó dúró sí ìhà kò yọ nínú ewu ju ẹni tó dúró síwájú lọ. Eyín rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n wọ́n mú, wọ́n sì tò bí eyín ayùn. Ìka èèyàn kò gbọdọ̀ bọ́ sáàárín wọn.

Ẹ wo ewu tó yí i ká kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bó bá wà lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀, kì í ṣe sójú ẹran náà. Ìmọ́lẹ̀ líle máa ń dà á láàmú, ó sì lè sá bọ́ sójú títì. Bó bá wà lójú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ má wọ àárín títì. Ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá ní 110 lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìyẹn ti di ewu fún àwọn awakọ̀ pẹ̀lú. Ẹ fa ajá sẹ́yìn. Ẹ fa ọmọdé sẹ́yìn ju ajá lọ.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Awọ tó gbẹ kò lè mí. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀sán, ẹ ṣí agboòrùn, kí ẹ dúró sí ibi tí òjìji rẹ̀ yóò ti bò ó. Ìyẹn kò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó da omi sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ pè. Bí wọ́n bá gbà fún yín, omi odò tàbí omi òjò ni kí ẹ dà, díẹ̀díẹ̀, sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ ń jó awọ irú ẹran báyìí.

Ta ni kí ẹ pè? Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ̀ka ìjọba ìlú tó ń bójú tó ohun àjogúnbá ni. Ní àwọn ìlú mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Jàpáánì, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú ni ẹ̀ka náà máa ń wà. Ó lè jọ yín lójú pé ẹran ni, pé ẹ̀ka ẹran ló yẹ kí ẹ lọ. Rárá o, ẹ rántí òfin tó dáàbò bò ó: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé oríṣà àtijọ́ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ sí kōban tó súnmọ́ yín, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tó wà káàkiri àdúgbò. Wọ́n mọ ẹni tí wọn ó pè.

Bí èdè Jàpáánì yín kò bá dá múṣé, gbólóhùn mẹ́ta yìí tó: “Osanshouuo ga imasu,” ìyẹn sàlámáńdà ńlá wà níbí. “Sawatte imasen,” n kò fọwọ́ kàn án. “Kega o shite imasu,” ó ti fara pa. Ẹ fa “o” àti “sho” gùn nínú orúkọ ẹran náà kó lè yé wọn.

Ibi tí ẹ wà ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ rí lọ. Ẹ sọ orúkọ afárá tó súnmọ́ yín, kí ẹ sọ bóyá apá ìlà-oòrùn odò tàbí ìwọ̀-oòrùn ni. Bí kò bá sí afárá, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu lẹ́bàá ọ̀nà: wọ́n sábà máa ń lẹ àdírẹ́sì ibẹ̀ mọ́ ọn lára. Nọ́ńbà tó wà lára òpó iná náà wúlò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá sọ aago tí ẹ rí i, bó ṣe gùn tó lójú yín, àti bóyá ó ń rìn, ó dúró sójú kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ ya àwòrán láti òkè kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, kí ẹ sì ya orí rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé kókó orí àti àbàwọ́n ara ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ń wò. Ẹ jẹ́ kí òkúta ọ̀nà tàbí ìdérí gọ́tà wọ inú àwòrán náà kí wọ́n lè fi wọn gígùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà nítorí àwòrán. Ẹ má fi ẹja tàn án kó lè yí ojú sí yín.

Bí nǹkan bá lọ́jú pọ̀

Inú gọ́tà: òkúta kọnkéré máa ń ga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì ní lè gùn ún. Ẹ má ki igi bọ̀ ọ́, ẹ má fi okùn fà á ní ìrù. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́, awọ rẹ̀ sì lè bó lára kọnkéré. Bí omi bá wà nínú gọ́tà náà, kò sí ìkánjú. Ẹ kàn máa wò ó kó má baà wọ ihò lọ kí wọ́n tó dé. Bí gọ́tà bá gbẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lórí fóònù, wọ́n á yára sí i.

Ó gbé ìwọ̀ yín mì: ẹ dẹ okùn náà, ẹ má gbé e sókè kúrò nínú omi. Bí ẹ bá fi okùn gbé ìwúwo rẹ̀, ṣe ni ìwọ̀ ọ̀hún máa wọlé jinlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú omi, kí ẹ pè wọ́n. Bí ó bá di dandan kí ẹ gé okùn, ẹ gé e níbi tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù lọ tí ọwọ́ yín kò fi ní wà nínú ewu, nítorí okùn gígùn tó bá kù á lọ́ mọ́ òkúta, á sì so ó mọ́lẹ̀. Ìwọ̀ inú ẹnu rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣègùn ẹran.

Ó ti bu yín jẹ: ẹ má fa ọwọ́ yọ tipátipá, ìyẹn ló ń ya ẹran ara. Bó bá jẹ́ inú omi, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà nínú omi, ó sábà máa ń jù ú sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Omi funfun tó ń lẹ̀ yọ lára rẹ̀: ìbínú ni. Ẹ sún sẹ́yìn. Wọ́n ní omi yẹn ló fún un lórúkọ, nítorí òórùn rẹ̀ jọ ti sanshō, ata kan tí àwọn ará Jàpáánì ń bù sórí oúnjẹ. Ẹni tó bá ti run orín ata rí mọ ìdílé ewéko yìí, nítorí ìbátan ni igi méjèèjì, Zanthoxylum ni orúkọ àjùmọ̀jẹ́ wọn. Bí omi yìí bá kan ọwọ́ yín, ẹ má fi nu ojú. Ẹ fọ̀ ọ́.

Omi odò ṣì ń kún: ẹ má sọ̀kalẹ̀ sí etí odò rárá. Ẹran náà mọ omi ju yín lọ.

Oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án: ẹ má yí òkúta ńlá padà nínú odò, ẹ má sì tọ ihò etí bèbè. Akọ kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹyin. “Nushi” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn onílé, kì í sì í fi ilé rẹ̀ ṣeré.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dé

Kó má baà jẹ́ pé ẹ ó rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́: wọ́n máa ń rẹ ọwọ́ àti àwọ̀n wọn sómi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọn kì í fà á ní ìrù. Orí àti ìdí ni wọ́n ń gbà gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan tọ́ ara rẹ̀ wò bóyá ṣíìpù ti wà lábẹ́ awọ rẹ̀ láti ìgbà kan rí, nítorí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti wádìí rí ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n á wọn gígùn àti ìwúwo rẹ̀, wọ́n á sì mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA. Bí èsì bá fi hàn pé ojúlówó ni, wọ́n á dá a padà sí odò tirẹ̀. Àmúlùmálà kì í padà sódò mọ́.

Wọ́n lè béèrè orúkọ yín àti ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì fọwọ́ kàn án kí ẹ tó mọ̀, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ má gbé ojúlé ibi tí ẹ ti rí i sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà, kí èrò má baà ya lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá kàn fẹ́ rí i lójúkojú, kó lọ sí Kyoto Aquarium tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan bí àpò kòkó.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà: ẹ̀yin náà ní ìbátan rẹ̀ kan, hellbender, nínú àwọn odò òkè Appalachia. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tilẹ̀ fi í ṣe àmì ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2019. Kò tó ti Jàpáánì ní títóbi, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sì ni abẹ́ òkúta pẹrẹsẹ nínú odò. Ẹ má kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ láti fi ṣeré. Bó bá gbé ìwọ̀ yín, ẹ gé okùn, kí ẹ jẹ́ kó lọ. Níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ àmúlùmálà tó ń dí èèyàn lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ òkú lẹ bá, ìpè kan náà ni. Òkú rẹ̀ ṣì wúlò fún àyẹ̀wò, ṣíìpù sì lè wà lára rẹ̀. Ẹ má gbé e, ẹ má sì mú egungun tàbí awọ rẹ̀ lọ sílé. Gbogbo ìdílé Andrias wà lórí ìwé àkọ́kọ́ àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu, nítorí náà ẹrù tí ẹ bá fi dì í kò ní kọjá pápákọ̀ òfuurufú.